Gáàsì Tí Kì Í Gbiná

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje 2025

Ẹ̀rọ ìjórin náà dé lónìí. Pupa, kékeré, mo lè fi ọwọ́ kan gbé e. Mo ti sọ ọ́ ní Kúkúrú. Mojísọ́lá ìyàwó mi ní kí n ṣọ́ra, kí n má sọ ọ́ di ìyàwó kejì o. Ìyá rẹ̀, tó wá láti Òkè-Odò láti bá wa tọ́jú ọmọ, yí i ká, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Báyọ̀, ṣé nǹkan yìí ò ní jó wa mọ́lé ṣá?" Mo ní rárá o, Màmá. Mo rẹ́rìn-ín. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Nítorí èmi gan-an ni ojo ilé yìí. Ìwé nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Tolúwalọpẹ́ ọmọ wa kò tíì lè yí ara rẹ̀ padà dáadáa, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mò ń rí i lọ́kàn mi tó ń já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí òun àti ìyá rẹ̀ máa sùn sórí fóòmù nílẹ̀. Màmá ló ni bẹ́ẹ̀dì. Èmi, pálọ̀.

Ìdí nìyẹn náà tí mo fi ra Kúkúrú. Mo fẹ́ fi irin ṣe ibùsùn ọmọ, èyí tó ní ọgbà yí ká, tí kò ní lè já bọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ jórinjórin ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí mo bá ti ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, ti kìlọ̀ fún mi: páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rà, ẹ̀rọ tí gbogbo wọn ń lò á kàn dá a lu ni. Kúkúrú ló lè ṣe é. Wáyà tín-ín-rín ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ó ń fẹ́ gáàsì tí á máa fẹ́ sí ojú irin bó ṣe ń yọ́, kí afẹ́fẹ́ lásán má bàa bà á jẹ́.

Gáàsì wo? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Gáàsì. Tí o bá pe ọ̀rọ̀ yẹn ní Ìgándò, èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni gbogbo ayé gbọ́. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní tiwọn. Ọsibítù ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo la mọ̀ nípa wọn: wọ́n ń bú gbàù.

Láti ìgbà tí ilé kan ti jóná lójú pópó kejì ni lánlọ́ọ̀dù wa ti ṣòfin. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń ró ní ìdí rẹ̀. Kò sí sìlíńdà kankan tó gbọdọ̀ wọ inú yàrá. Ẹni tó bá rú òfin, kó wá ilé míì. Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ Ajé, 7

Mi ò sùn dáadáa. Gáàsì ni mo fi ṣe àlá.

Ọjọ́rú, 9

Mo yà sí Dopemu lẹ́yìn iṣẹ́. Godswill ló ń ta gáàsì níbẹ̀, ọmọkùnrin gàǹgà kan tó ń fi Pidgin àti Yorùbá po ọ̀rọ̀ bí ẹni ń po ẹ̀bà. Mo ní kó tò wọ́n sílẹ̀ fún mi kí n mọ èyí tí màá mú.

Ó ní wáyà kan wà tí kò fẹ́ gáàsì rárá, ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀. Àmọ́ èéfín! Ó ní tí mo bá tan án, gbogbo àdúgbò á rò pé mò ń jó táyà. Mo rántí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ mi. Rárá.

Ó ní gáàsì ágọ́nì wà, àdàlù ni. Ojú irin á mọ́ tónítóní, á dán. Ṣùgbọ́n òun kì í sábà rí i gbà, mo lè dúró títí.

Ẹ̀kẹta ni CO2. Èyí tó ń hó nínú mínírà. Ó máa ń ta pàrà díẹ̀, ojú irin kò ní dán tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ á mú dan-in. Mo bi í pé ṣé kì í gbiná. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, this one? E no dey catch fire at all. Ó ń pa iná sef! Na him dey inside that red thing for una office."

Ó ń pa iná. Mi ò gbọ́ nǹkan míì mọ́. Ó tún sọ pé kí n máa tì í pa tí mo bá ti ṣe tán, kó má baà tètè tán, mo sì dáhùn bí ẹni ń dáhùn oníṣòwò. Gáàsì tí iná ń bẹ̀rù! Ta ló tún yẹ kó jẹ́ ọ̀rẹ́ ojo bí èmi?

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo gbé sìlíńdà wọlé nínú kẹ̀kẹ́, mo fi kọ́tìnì àtijọ́ wé e. Mo pàdé Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu géètì. Ó ní kí ni mo gbé yẹn? Ẹnu mi ní pọ́ǹpù omi ni. Ó ní "Ẹ kú ìnáwó." Òógùn bò mí.

Mo ti sọ ọ́ ní Àlejò. Sítọ́ọ̀ kékeré tó ṣílẹ̀kùn sínú yàrá ni mo gbé e sí. Lúfà sítọ́ọ̀ náà ti fọ́, òjò ń wọlé, olè sì lè na ọwọ́ wọlé. Mo fi pákó kàn án pa, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Ó dí pátápátá. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Mo jórin! Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé Kúkúrú sí, mo fa rọ́bà gáàsì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ sítọ́ọ̀ lọ bá Àlejò. Mo ti fi ọṣẹ híhó yẹ gbogbo oríkèé rọ́bà wò, kò sí èyí tó ń yọ ìfófòó. Lẹ́yìn náà mo tẹ ọwọ́ Kúkúrú. Ó dún ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí ẹyin nínú òróró gbígbóná. Ẹsẹ̀ ibùsùn méjì ti dúró. Ojú irin kò dán, àmọ́ mo fi òòlù lù ú, kò já.

Ìyá Àmínát wá wòran, Tolú wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló kù, aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Tí Mojí bá fẹ́ wẹ̀ tàbí kó jẹun, ẹ̀yìn Ìyá Àmínát ni ọmọ máa ń wà. Ó ní, "Bàbá Tolú, èmi náà máa nílò tèmi o, ọmọ ọmọ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan." A rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo kó Kúkúrú àti ẹrù yòókù wọ sítọ́ọ̀, Mojí ní ṣé mi ò ní ti orí sìlíńdà pa ni, bí a ṣe ń ṣe sí ti ìdáná. Mo ní èyí kì í gbiná. Ká sòótọ́, ó le láti yí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ fi agbára ká orí rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn.

Aláṣọ funfun ni Màmá. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á tan àbẹ́là, á kọjú sí ìlà-oòrùn, á gbàdúrà fún ọmọ. Nínú yàrá wa, ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ló wà ní ìlà-oòrùn. Ó gbé àbẹ́là sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ó kúnlẹ̀. Àbẹ́là kú. Ó tún un tàn. Ó kú. Òjò ń rọ̀, gbogbo fèrèsé wà ní títì, kò sí atẹ́gùn tó lè mi ìyẹ́ adìẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Àmínát ló ń wọlé bọ̀ láti wá gbé Tolú. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni iná náà rẹlẹ̀, ó di búlúù, ó kú.

 Màmá wo Ìyá Àmínát láti orí dé ẹsẹ̀. 

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mojí jí pẹ̀lú orí fífọ́. Ọmọ ń sùn ṣáá, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. A gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kí a tó dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ ti là, ó ń fa irun ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò gbóná, ó fún wa ní oògùn ibà bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Màmá kò dùbúlẹ̀ àìsàn, orí rẹ̀ kò fọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, ó sì jí pépé. Ó ní ṣé a rí i? Tí ọmọ bá kúrò nínú ilé yìí, ara rẹ̀ á yá. Ohun tó ń ṣe é, inú ilé ló wà. Òun nìkan ni kò lè fọwọ́ kàn, nítorí ó mọ ẹni tí òun ń sìn.

Mo fẹ́ jiyàn. Ọmọ ilé ìwé gíga ni mí. Àmọ́ òtítọ́ ni, ọmọ náà yá ní ìta. 

Ọjọ́rú, 16

Àbẹ́là tún kú. Màmá foríbalẹ̀ níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde, ó sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó ní ọwọ́ kan tẹ orí òun mọ́lẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe eré. Ẹ̀rù ba obìnrin tí mò ń pè ní Ajagun.

Ó ní kí a ti gbogbo ibi tí nǹkan lè gbà wọlé. Èmi fúnra mi ni mo fi àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá, tí mo ti lúfà, tí mo fa kọ́tìnì. Ó fi òróró sí Mojí àti ọmọ lórí. Mo ní kí ó fi sí tèmi náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Mo tẹ̀lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ní Ìkòtún. Èmi Áńgílíkà tí mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwọn.

Wòlíì gbé ọmọ sókè. Ó ní òun rí obìnrin kan. Kò jìnnà. Ọwọ́ rẹ̀ ń kan ọmọ yìí lójoojúmọ́. Kò dárúkọ. Mojí wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Màmá gba àdúrà tó ń gbọ̀n mí títí di ìsinsìnyí: ẹni tó gbé ikú wọ ilé ọmọ òun, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ibi fara pa mọ́ sí, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Èmi ni Àmín mi ròkè jù. Ọ̀nà ọ̀fun mi ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Òjò. Mi ò jórin. Ìyá Àmínát fi èérún aṣọ rán fìlà kékeré fún Tolú. Màmá fi igi gbà á, ó sun ún ní ẹ̀yìnkùlé. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nímú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Èmi ni wọ́n rán. Màmá ní ọkùnrin ilé ni kó lọ sọ ọ́.

Mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Àmínát. Ó wà nídìí máṣíìnì, ó dìde kí mi. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wá gbé ọmọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Ah, kí ló ṣe é? Ṣé kí n wá wò ó ni?" Mo ní rárá. Mo ní, pàápàá ẹ̀yin, ẹ má wá. Ó dúró. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tolú, ṣé èmi ni?" Mo kẹ́yìn sí i. Mo padà sílé.

Ojú ń tì mí. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun lóòótọ́ ńkọ́? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe rò ó.

Ọjọ́ Ajé, 21



Láàárọ̀ yìí ni Mojí figbe ta. Tolú kò jí. A pè é, a gbọ̀n ọ́n, apá rẹ̀ rọ̀ jọ̀jọ̀ bí aṣọ tútù. Mojí fẹ́ dìde, eékún rẹ̀ yẹ̀. Màmá já ọmọ gbà, ó sáré jáde pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, ó ń ké Jésù, gbogbo ilé ṣílẹ̀kùn. Ní àgbàlá, lábẹ́ ọ̀wààrà òjò, ọmọ náà mí kan, ó mí èkejì, ó bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ní kí n mú káàdì ọsibítù wá. Mo sáré wọlé. Kò síná, fèrèsé wà ní títì, yàrá ṣókùnkùn. Mo ṣá láítà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá káàdì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láítà kú. Mo tún un ṣá. Kò tàn. Mo dìde láti mì ín, mo ṣá a lókè, ó tàn. Mo bẹ̀rẹ̀, ó kú.

Mo rò pé ohun náà ti dé bá èmi náà. Mo fẹ́ sá. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbé láítà sókè, mo ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Lókè, iná. Nílẹ̀, kò sí. Bíi pé omi kan kún ilẹ̀ yàrá wa tí ojú ò lè rí. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Ó ń pa iná.

Ohùn Godswill ni mo gbọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Mo di èémí mi mú, mo fetí sí Àlejò. Ó ń dún ṣíín, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní ibi tí rọ́bà ti wọ Kúkúrú. Oríkèé rọ́bà yẹn ti yẹ̀ nígbà tí mo ń kó ẹrù wọlé lọ́jọ́ tí mo jórin. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Mo ti orí sìlíńdà pa. Kò le láti yí rárá, ìyípo kan ni. Mo gbé e wò. Ó ti fúyẹ́.

Mo fọ́ pákó ojú fèrèsé sítọ́ọ̀. Mo ṣí gbogbo lúfà. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo bì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù fi afẹ́fẹ́ sí Tolú nímú, wọ́n ní ọmọ ti bọ̀ sípò, wọ́n bi wá pé ṣé a ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Mojí ní rárá. Èmi náà ní rárá. Òtítọ́ ni, a kì í tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti gbé Àlejò padà sọ́dọ̀ Godswill. Mo sọ fún Mojí pé mo lọ rọ gáàsì.

Ọjọ́rú, 23

Ọmọ yá. Mojí yá. Àbẹ́là Màmá jó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ìka hàn mí bó ṣe dúró ṣánṣán.

Inú mi ì bá dùn. Àmọ́ Màmá ń kọrin káàkiri ilé: ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tí a ti lé e ni! Ó sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Ó pe ọmọ wa ní ẹran tí ó yọ lẹ́nu ìkookò. Mojí náà ti gbà. Ó ní, "Dádì Tolú, ẹ wò ó, àti pé mo máa ń fún un ní oúnjẹ mi jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wà ní orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́bọ̀, 24

Àwọn ọmọdé kò bá Àmínát ṣeré mọ́. Wọ́n ń sá fún un, wọ́n ń pariwo "ọmọ àjẹ́". Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbé korobá rẹ̀ padà sílé láìpọnmi.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ pe ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Mo gbọ́ ọ láti pálọ̀. Ó ní òun kò sọ pé ó ṣe nǹkan kan o, àmọ́ òun kò fẹ́ wàhálà, àwọn ayálégbé kò fẹ́ ẹ mọ́, kó máa wá ibòmíì. Ìyá Àmínát kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n kọ ọ́ gbangba. Kì í ṣe gáàsì mọ́.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ti wà pé mo purọ́ fún lánlọ́ọ̀dù, ọ̀la la máa kó ẹrù wa sí ìta pẹ̀lú ọmọ. Màmá á mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ọmọ òun fẹ́ẹ́ kú sí, á gbé Mojí lọ sí Òkè-Odò, kò ní dá a padà. Mojí ńkọ́? Báwo ni á ṣe tún sùn sí ibi tí mo bá ní kó sùn?

Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ìyá Àmínát á kó lọ, àwa á dúró, á dùn, á rọrùn. Ibi yòówù tó bá kó lọ, ọ̀rọ̀ yìí á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Obìnrin tó pọn ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní ọ́fíìsì. Tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀, níta, ni ọmọ náà ti ń rí afẹ́fẹ́ mí.

Mi ò tíì ro ti ìlà tó kẹ́yìn yẹn rí, àfi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọlọ́run mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Mo jáde láti lọ sọ ọ́. Mo ra búrẹ́dì, mo padà wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Mo ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìn ni mo lọ gbé Àlejò wá láti Dopemu. Mi ò wé e ní kọ́tìnì. Mo gbé e gba ẹnu géètì, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ dìde lórí àga rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pe gbogbo ilé.  Èmi fúnra mi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Àmínát. Ó ti di ẹrù rẹ̀, máṣíìnì wà nínú àpò. Ó tẹ̀ lé mi jáde, ó dúró lókèèrè.

Mo gbé báàfù ńlá sí àárín àgbàlá, mo gba àbẹ́là lọ́wọ́ Màmá, mo tàn án, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ báàfù. Mo fi ẹnu rọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣí Àlejò díẹ̀. Kò dún, kò rùn.  Iná àbẹ́là rẹlẹ̀, ó di búlúù, ó kú. Mo tún un tàn, ó tún kú. Ọmọdé kan ní "Hẹ̀ẹ́!"

Mo ní, èyí ni mo gbé sínú sítọ́ọ̀, lẹ́bàá orí ọmọ mi. Mo ní mo purọ́ fún lánlọ́ọ̀dù. Mo ní mi ò tì í pa. Mo ní èmi ni mo dí fèrèsé, èmi ni mo ní kí wọ́n sùn sílẹ̀, ilẹ̀ sì ni gáàsì yìí máa ń kó jọ sí. Mo ní láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. 

 Ìdì kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ró. Mojí wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ló ń pè mí, pàápàá níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, Báyọ̀. O mọ̀, o sì ń jẹ búrẹ́dì." 

Màmá kò wò mí rárá. Obìnrin tó lè bí Ìyá Àmínát, ó ṣí fìlà funfun orí rẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákun, ìyá mi. Mo fi ẹnu mi ba yín jẹ́." Ìyá Àmínát sáré fà á dìde, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá, ẹ máa fi mí gba èpè." Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wúkọ́, ó ní kí ó tú ẹrù rẹ̀, yàrá rẹ̀ ni. Ó ní òun ń bọ̀ wá bá èmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Mo rò pé ó ti parí. Mo rò pé a ti tún un ṣe.

Mojí wá gbé Tolú lọ bá a. Ó ní ẹ gbà á, Ìyá Àmínát, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń wá yín. Òtítọ́ ni, ọmọ náà ti rí i, ó ń fò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín tí kò tíì hù. Ìyá Àmínát rẹ́rìn-ín padà sí i. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó na ọwọ́ díẹ̀, ó fà á padà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì Tolú. Tó bá wá ṣàìsàn lọ́la ńkọ́?"

Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Tolú ṣì ń na ọwọ́ síbẹ̀.